Ohun tó Fọ́, Ohun tó Ya, Ohun tó Já: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí sílípáàsì bá já mọ́ ọmọ Yorùbá lẹ́sẹ̀, tó sì fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn rẹ̀, ohun tó sábà máa ń sọ ni 'My slippers has cut.' Ará Ìbàdàn tàbí ará Èkó yóò gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta bàtà ní London tàbí ní Houston, onítọ̀hún yóò máa rò ó pé ta ló mú àlùmọ́gàjí gé bàtà náà. Ohun tó yẹ kó sọ ni 'The strap has snapped' tàbí 'My slipper has broken.'

Èdè wa ló kọ́ wa ní àṣìṣe yìí. Ní Yorùbá, nǹkan tó bàjẹ́ gan-an ló ń yan ọ̀rọ̀ tí a óò lò. Àwo, ìgò àti ẹyin ń fọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣẹ́, egungun ń kán. Okùn, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ń já. Aṣọ àti ìwé ń ya. Ògiri ń lanu, táyà ń bẹ́. Igi ìdáná ni à ń là, obì ni à ń pa. Ẹni tó bá sọ pé aṣọ òun ṣẹ́, tàbí pé àwo òun ya, ọmọdé pàápàá yóò fi rẹ́rìn-ín.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà pín wọn yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń wo bí nǹkan náà ṣe rí lẹ́yìn tó bàjẹ́ tán, àti bóyá ẹnì kan ló fi ohun mímú gé e. Ẹni tó ń túmọ̀ láti Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣìnà. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ yóò tètè rí ọ̀rọ̀ tó tọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta

1. Ṣé nǹkan líle ni, àbí ohun pẹlẹbẹ tó rọ̀, bí aṣọ àti ìwé? Bó bá rọ̀, 'tear' ni.

2. Bó bá jẹ́ nǹkan líle, kí ló ṣẹ́kù? Ṣé ìlà lásán ló yọ lára rẹ̀, ṣé ó di méjì, àbí ó rún wómúwómú?

3. Ṣé ẹnì kan ló fi ohun mímú gé e ní ibi tó fẹ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 'cut' ni. Bí kò bá sí ohun mímú tó gé e, ẹ má ṣe lo 'cut' rárá.

Ìbéèrè kẹta yìí ní ìdí tó jinlẹ̀. Ní 2007, Asifa Majid, Melissa Bowerman àti àwọn onímọ̀ èdè mìíràn, tí iṣẹ́ wọn fìdí sọlẹ̀ sí ilé ìwádìí Max Planck ní ìlú Nijmegen, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan tí wọ́n ti fi èdè 28 wé ara wọn. Èdè Ewe tí wọ́n ń sọ ní Togo àti Ghana wà lára wọn. Wọ́n fi fídíò kéékèèké han àwọn ènìyàn, níbi tí wọ́n ti ń gé nǹkan, tí wọ́n ń fọ́ nǹkan, tí wọ́n sì ń ya nǹkan, wọ́n wá ní kí wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n rí. Ohun tó yọrí jù lọ ni pé àwọn èdè wọ̀nyí máa ń wo bóyá a lè mọ ibi tí nǹkan yóò ti pín kó tó pín. Bí a bá gbé ọ̀bẹ lé kárọ́ọ̀tì, a ti mọ ibi tí yóò gbà. Bí a bá la hámà mọ́ àwo, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti fọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ti ọ̀bẹ ni 'cut', ti hámà ni 'break' àti 'smash'.

'Break', ìyá gbogbo wọn

Bí ọ̀rọ̀ mìíràn kò bá wá sí yín lọ́kàn, 'break' lè gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ìgò, igi, egungun, àga, ṣéènì, okùn: gbogbo wọn ló gbà á. Ìrọ̀rùn kan tún wà fún wa níhìn-ín. Bí a ṣe ń sọ pé 'Ìgò fọ́', tí a tún ń sọ pé 'Mo fọ́ ìgò', bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ 'The bottle broke' àti 'I broke the bottle'. 'Crack', 'snap', 'shatter', 'split', 'tear' àti 'burst' náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n 'cut' kì í bá wọn ṣe é. 'I cut the rope' tọ́. 'The rope cut' kò tọ́, nítorí nínú èrò àwọn elédè, okùn kò lè gé ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó gé e tàbí ohun tó gé e. Nítorí náà, okùn tó já, ẹ sọ pé 'The rope broke' tàbí 'The rope snapped'. Bí ẹ bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ìlà sì já, 'The line cut' kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ sọ pé 'We got cut off' tàbí 'The call dropped'. Bí bíréèkì ọkọ̀ bá já, 'The brakes failed' ni. Ẹ sì kíyè sí i pé ìró kan náà ni 'brake' ti ọkọ̀ àti 'break' ti fífọ́ ní; ọ̀nà tí a ń gbà kọ wọ́n nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Ó bọ́ lọ́wọ́ yín lu kọnkéré. Ẹ gbé e, ẹ rí i pé ìlà kan là á lójú já, ṣùgbọ́n dígí rẹ̀ ṣì dúró sáyè rẹ̀: 'The screen is cracked.' Bó bá jẹ́ pé etí rẹ̀ ni bíńtín kan ti ṣí kúrò, 'The corner is chipped.' Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá rún, tí àfọ́kù wẹ́wẹ́ ń wọ̀ yín níka, 'The screen has shattered.' Bó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ìbínú là á mọ́lẹ̀, 'He smashed the phone.' Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn, yóò mọ bí ọ̀ràn ṣe tó láti inú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá yàn.

Nínú 'smash' àti 'shatter', agbára tí a fi lu nǹkan ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Bí àfọ́kù rẹ̀ ṣe kéré tó ló wà nínú ìkejì. Olè ló ń 'smash' fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da omi gbígbóná sínú ife onídígí tó tutù, ó lè 'crack', ó sì lè 'shatter', láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

'Snap' wà fún ohun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó kán lójijì, tí a sì sábà máa ń gbọ́ ìró rẹ̀: pẹ́ńsù, ẹ̀ka gbígbẹ, okùn jìtá. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kán sínú àgádágodo, 'The key snapped in the lock.'

'Crumble' ni ti ohun tó ń rún fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi bísíkíìtì tàbí ògiri amọ̀ tó ti gbó. 'Crush' ni ti ohun tí a tẹ̀ fọ́: áálíkì, oògùn oníhóró, agolo. Ata tí a gbé lọ sí ẹ̀rọ, 'grind' ni tirẹ̀, nítorí lílọ̀ ni à ń lọ̀ ọ́.

Ẹyin ní ọ̀nà méjì. Nídìí ààrò, 'crack' ni: 'Crack two eggs into a bowl.' Bó bá jẹ́ pé kíréètì ẹyin ló já bọ́ lójú ọ̀nà, 'The eggs broke.'

Àfọ́kù náà ní orúkọ. Ti ìgò ni 'shard', tàbí 'broken glass' ní ìrọ̀rùn. Èérún búrẹ́dì ni 'crumb'. Ẹ̀gún igi tó wọ ènìyàn lọ́wọ́ ni 'splinter'. Àjákù ìwé ni 'scrap'.

'Split': ohun tó là, ohun tó pín

'Split' ni ti ohun tó là gba ojú ọ̀nà tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àáké ń la igi gba ojú iṣan rẹ̀: 'He split the log.' Ṣòkòtò ń ya gba ojú rírán: 'His trousers split.' Ètè tó là nítorí ìkúùkù ni 'a split lip'.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ owó. Tọkọtaya tó kọ ara wọn, 'They have split up.' Ẹgbẹ́ òṣèlú tó pín sí méjì, 'The Action Group split in 1962', nígbà tí aáwọ̀ àwọn aṣíwájú rẹ̀, Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, dé ojú ẹ̀. Nílé oúnjẹ, bí àwọn ọ̀rẹ́ bá fẹ́ jọ san owó, 'Let's split the bill.' Lọ́jà, bí ọlọ́jà bá ní 10,000 náírà, tí ẹ̀yin sì ní 8,000, tí ẹ wá fẹ́ pàdé ní 9,000, 'Let's split the difference.'

Ẹ má fi 'split' rọ́pò 'share' àti 'separate'. Oúnjẹ tí a pín fún àwọn ọmọ, 'share' ni. Aṣọ funfun tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára aláràbarà, 'separate' ni.

Obì dá yàtọ̀. Òótọ́ ni pé awẹ́ rẹ̀ ń là gba ojú ọ̀nà tirẹ̀, síbẹ̀ 'break' ni Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa yàn fún un: 'break the kola nut'. Chinua Achebe lò ó bẹ́ẹ̀ nínú Things Fall Apart tó jáde ní 1958. Ẹ lò ó láìbẹ̀rù.

'Tear' àti 'rip'

Aṣọ, ìwé, awọ àti iṣan ara ń 'tear'. 'Rip' náà ni yíya, ṣùgbọ́n ó yá ju 'tear' lọ, agbára sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń ya rọra nítorí pé ó ti gbó, 'tear' ló bá a mu. Èyí tí ìṣó há, tó sì ya fààà, 'rip' ni.

Ẹ ṣọ́ra nípa ìró. Omijé ni 'tear' tí a ń pè bíi 'tíà'. Yíya ni 'tear' tí a ń pè bíi 'tẹ́à'. Kíkọ wọn kò yàtọ̀, ohun tó wà láyìíká wọn ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Aṣọ tó ti ya ni 'torn': 'My shirt is torn.' Lẹ́tà tí a fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, 'She tore up the letter.' Ilé tí wọ́n wó, 'They tore down the house.'

'Burst': ohun tí inú rẹ̀ kún

Ohun tí afẹ́fẹ́ tàbí omi kún inú rẹ̀ ló ń 'burst': táyà, bàlúùnù, páìpù omi. Táyà tó bẹ́ lójú eré, 'The tyre burst.' Èyí tó kàn jò, 'I have a flat tyre' tàbí 'a puncture'. Ẹni tó háyà ilé nílẹ̀ òkèèrè yẹ kó mọ gbólóhùn yìí sórí: 'A pipe has burst.' Onílé tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró dọ̀la. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ omi kàn ń kán tó, tó, 'The tap is dripping' ni ẹ óò sọ.

Níhìn-ín, èdè méjèèjì jọ rìn pọ̀. A máa ń ní ẹnì kan bú sẹ́kún, wọ́n ní 'She burst into tears'. A ní ó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní 'She burst out laughing'.

Nílé ìwòsàn

'I broke my leg' kò túmọ̀ sí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí àwọn elédè ṣe ń sọ pé ẹsẹ̀ àwọn kán nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé 'It is not broken, it is only fractured.' Kò tọ̀nà. Lọ́dọ̀ dókítà, ohun kan náà ni 'fracture' àti egungun tó kán, ì báà jẹ́ ìlà tín-ín-rín ló wà lára egungun náà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní 'You have a fracture', egungun ti kán, ẹ má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí tí wọn yóò fi ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó rọ́ lásán ni 'sprain'. Oríkèé tó yẹ̀ ni 'dislocated'. Eyín tí etí rẹ̀ ṣí kúrò ni 'chipped tooth'.

Ẹ má túmọ̀ gbogbo fífọ́ tó wà nínú ara. Bí orí bá ń fọ́ yín, 'I have a headache.' Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, 'He lost his sight.'

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́

Ní Nàìjíríà, 'spoil' ni a ń lò: 'My phone has spoilt.' Lẹ́nu ará Britain tàbí Amẹ́ríkà, oúnjẹ tó kan, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ àti ayẹyẹ tí òjò dà rú ló ń gba 'spoil'. Ohun èlò kékeré tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bíi aago, fóònù tàbí áyọ́ọ̀nù, 'It's broken', bí kò tilẹ̀ sí ibi tó fọ́ lára rẹ̀. Ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ńláńlá tó dákú lẹ́nu iṣẹ́, 'It has broken down.'

Bí 'break' bá mú ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ra

'Break into' ni kí olè fọ́lé: 'Thieves broke into the shop.' Bí ẹ kò bá dárúkọ ibi tí wọ́n fọ́, 'Someone broke in.'

'Break out' ni kí ogun, iná tàbí àìsàn bẹ́ sílẹ̀: 'Fire broke out in the market.'

'Break up' ni kí olólùfẹ́ kọ ara wọn, tàbí kí ìpàdé túká. Lórí fóònù, 'You're breaking up' túmọ̀ sí pé ohùn yín ń já.

'Break off' ni kí a bu díẹ̀ lára odindi: 'She broke off a piece of bread.' Òun náà ni ti àdéhùn ìgbéyàwó tí a fagi lé: 'They broke off the engagement.'

Ohun tí ọwọ́ kò lè kàn

Ẹni tó rú òfin, 'He broke the law.' Ẹni tó yẹ àdéhùn, 'She broke her promise.' Mùsùlùmí tó ń ṣínu nígbà Ramadan, 'We break our fast at sunset'. Láti inú 'break' àti 'fast' yìí ni 'breakfast' ti wá. Oníṣòwò tí kò jèrè, tí kò sì pàdánù, 'I broke even.' Ẹni tó ń túfọ̀ fún ẹbí, 'He broke the news to the family.'

Ẹ má fi 'broke' àti 'broken' ṣe ara wọn. 'I'm broke' ni pé kò sówó lọ́wọ́ mi. 'I'm broken' ni pé ìbànújẹ́ ti dorí mi kodò. Àga tó ti ṣẹ́ ni 'a broken chair'.

Ohun tó ti kọjá

'Break, broke, broken.' 'Tear, tore, torn.' Àwọn méjì yìí ni ẹ ní láti há sórí.

'Split', 'burst' àti 'cut' kì í yí padà, ìbáà ṣe lánàá tàbí lónìí. 'Splitted', 'bursted' àti 'cutted' kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń gba 'ed'. 'Snap', 'rip' àti 'chip' máa ń sọ 'p' wọn di méjì: 'snapped', 'ripped', 'chipped'.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, 'cleave' ní ìtumọ̀ méjì tó lòdì síra wọn. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:24, níbi tí ọkùnrin ti fi ara mọ́ aya rẹ̀, fífaramọ́ ni. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 22:3, níbi tí Ábúráhámù ti la igi ẹbọ sísun, lílà ni. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n láyé àtijọ́, tí ìró wọn wá di ọ̀kan. Ẹ má lò ó nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Kí ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá kà á.

Ìdánrawò

Ẹ sọ ìwọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó wo ìdáhùn.

1. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi já.
2. Ògiri ilé náà ti lanu.
3. Jẹnẹrétọ̀ wa ti bàjẹ́.
4. Ìwé náà ya sí méjì.
5. Wọ́n fọ́ ilé aládùúgbò wa lánàá.
6. Ó fi eyín já òwú náà.

Ìdáhùn:

1. 'My necklace broke.'
2. 'The wall of the house has cracked.'
3. 'Our generator has broken down.'
4. 'The paper tore in two.'
5. 'Someone broke into our neighbour's house yesterday.'
6. 'She bit through the thread.' Eyín ló ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nítorí náà 'bite' ló gbà á.

Ẹ ka àwọn ìdáhùn yìí sókè títí tí ẹnu yín yóò fi mọ̀ wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú yín lójú níwájú dókítà, onílé tàbí ọlọ́pàá, ẹ lo 'break' fún ohun líle, ẹ lo 'tear' fún ohun tó rọ̀, kí ẹ sì fi 'cut' sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ẹni tó bá di mẹ́ta yìí mú, wọn yóò gbọ́ ọ ní àgbọ́yé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.